Awakọ̀ Tí Kò Pe Òjò Ní Òjò

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan wà ní ìlú Leeds, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, ó sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa bọ́ọ̀sì nínú òtútù àti òjò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, ó ní òun kò fẹ́ ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, oòrùn nìkan ni òun ń wá. Ẹnìkan sọ fún un nípa Sísílì, erékùṣù kan láàárín Òkun Mẹditaréníà, níbi tí ọsàn ti ń pọ́n lórí igi nígbà tí yìnyín bá ń bọ́ ní Leeds. Wọ́n ní ènìyàn lè háyà ọkọ̀ kan níbẹ̀ tí wọ́n ṣe bí ilé: ibùsùn ń bẹ lẹ́yìn, sítóòfù ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ibi tí ilẹ̀ bá ṣú ọ sí náà ni wàá sùn. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí, ó sì wọ̀ ọ́ lọ́kàn.

Ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì tí òun náà ti fẹ̀yìn tì, bi í léèrè ìgbà tí wọ́n máa lọ. Ó ní oṣù kìn-ín-ní ni.

"Bàbá Ìbíyẹmí," ni ìyàwó wí, "ṣé ẹ ti béèrè bí ojú ọjọ́ ṣe máa ń rí níbẹ̀ nínú oṣù kìn-ín-ní? Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù di oṣù karùn-ún."

"Oòrùn ibẹ̀ kì í gba ìsinmi, Ìyá Ìbíyẹmí," ni ọkọ dáhùn. Ó ti sọ fún gbogbo ìjọ wọn pé àwọn ń lọ yá oòrùn. Ẹni tó bá ti kéde ìrìn àjò fún gbogbo ayé, ó ṣòro fún un láti kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ.

Wọ́n lọ. Bí wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù ní Palẹ́rímò, ìlú kan ní erékùṣù náà, òjò ni ó kọ́kọ́ kí wọn. Kì í ṣe òjò tí ń kán tó, tó. Òjò tí ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni, bí àlejò tó ti tú ẹrù. Ọkùnrin tí ó fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wo sálúbàtà tí awakọ̀ wọ̀, ó sì mi orí. Ìyàwó rí i. Awakọ̀ náà rí i.

"Ìrì òwúrọ̀ ni," ni awakọ̀ wí. Ọ̀sán sì ti pọ́n nígbà náà.

Ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, kùrukùru ni ó pè é. Nígbà tí wọ́n dé ẹsẹ̀ òkè ńlá kan tí wọn kò sì rí òkè náà rárá, ó ní atẹ́gùn òkun ni ó ń fọ́n omi. Ìyàwó ra agbòjò ní ẹ̀bá ọ̀nà. Ọkọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣí i wò, ó ní agboòrùn tó dára ni. Òjò lù wọ́n ní etíkun àríwá, ó lù wọ́n ní etíkun ìwọ̀-oòrùn. Ibikíbi tí wọ́n bá dé, awakọ̀ á ní oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ ni, pé ìlú tó kàn ni ó wà. Á tún gbé ọkọ̀.

Bí ìyàwó bá wá tọ́ka sí gíláàsì iwájú, tí ó ní, "Ẹ wò ó," ọkọ á na ọwọ́, á pa wáípà. Gbogbo ojú gíláàsì á di omi. Á máa wa ọkọ̀ lọ bẹ́ẹ̀, á na ọrùn síwájú bí ìjàpá, títí ìyàwó á fi ké sí i pé, "Ó tó, ó tó, ẹ tan nǹkan yẹn, ẹ má pa wá." Á tún tàn án. Á ní, "Nítorí tìrẹ ni mo ṣe tàn án o."

Obìnrin náà mọ ọkọ rẹ̀. Kì í ṣe òpùrọ́. Kò jẹ́ mú ohun olóhun, kò sì jẹ́ purọ́ mọ́ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tí òun fúnra rẹ̀ bá fọwọ́ yàn, kì í bàjẹ́ lójú rẹ̀. Ìyẹn gan-an ni ó sú ìyàwó. Òjò kò sú u. Ìyàwó lè jókòó nínú òjò, kí ó gbé omi tíì kaná, kí ó máa wo òkun títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ohun tí ó ń jẹ ẹ́ lára ni pé òun nìkan ni òjò ọ̀hún ń pa, nítorí ẹnì kejì ti ní kò sí òjò.

Nínú ọkọ̀, nǹkan kò gbẹ mọ́. Ìyàwó so okùn láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ó sá aṣọ sí i, aṣọ náà tutù títí ó fi ń rùn bí ajá tó bọ́ sódò. Búrẹ́dì bu. Fèrèsé tó wà lórí òrùlé ọkọ̀ ń jò, ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìyàwó ń sùn ni ó sì ń jò sí. Ó gbé ìkòkò sí i. Ọkọ wo ìkòkò náà bí omi ti ń kán sínú rẹ̀, ó ní èémí àwọn méjèèjì ni ó gbára jọ sókè tí ó wá ń sọ̀ kalẹ̀.

"Èémí wa ni ó kún ìkòkò?" ni ìyàwó béèrè.

"Ìwọ náà mọ bí o ṣe máa ń mí tí o bá sùn."

Ìyàwó gbé ìkòkò náà, ó lọ dà á nù. 

Àwọn ọgbà tí wọ́n máa ń gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sí, ṣẹ́ẹ̀nì ni ó wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Àwọn tó ni ọgbà ti palẹ̀ mọ́, wọ́n mọ àsìkò wọn. Ni wọ́n bá ń páàkì sí etí òkun, níbi tí ìgbì ti pọ́n bí omi àgbàrá. Lọ́jọ́ kan, òjò dá díẹ̀. Awakọ̀ sáré gbé awò dúdú sójú, ó fa ìyàwó rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí ó bọ́ súwẹ́tà kí àwọn ya fọ́tò. Kí ó tó bọ́ ọ tán, òjò ti dé. Awakọ̀ ya fọ́tò náà síbẹ̀.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, alàgbà ìjọ wọn pè láti Leeds. Ìyàwó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, ó wé bùláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ra. Ó ń gbọ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń pariwo kí ìró òjò lórí ọkọ̀ má baà bo òun lóhùn.

"Oòrùn ń pa wá níbí, ẹ̀gbọ́n! À bá jọ wà níbí ni!"

Ìyàwó kọjú sí ògiri. Ó ti tọ́jú aláìsàn tó ń bú u, ó ti tọ́jú èyí tó tu itọ́ sí i lára. Kò sí èyí tó rẹ̀ ẹ́ tó báyìí nínú wọn.

Ní etíkun gúúsù ni ikọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí mú ìyàwó. Ó kọ́kọ́ kéré. Lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀ sínú àyà. Nọ́ọ̀sì ni obìnrin náà, ó mọ ikọ́ tí ń lọ yàtọ̀ sí ikọ́ tí ń bọ̀. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kí wọ́n wá òtẹ́ẹ̀lì kan, kí àwọn sùn sínú yàrá tó gbẹ, kí àwọn sì rí dókítà.

Awakọ̀ rò ó wò. Ẹni tó bá lọ gba yàrá ti gbà pé ọkọ̀ ń jò. Ẹni tó bá gbà pé ọkọ̀ ń jò ti gbà pé òjò ń rọ̀. Ẹni tó bá sì gbà pé òjò ń rọ̀, oṣù karùn-ún ni ó yẹ kó wá. Ó ní, "Jẹ́ ká dé etíkun ìlà-oòrùn ná. Orúkọ rẹ̀ gan-an ti sọ fún ọ pé ibẹ̀ ni oòrùn wà."

Lójú ọ̀nà ìlà-oòrùn yìí ni òjò náà wá le jù. Àgbàrá ń gbé òkúta sọdá títì. Ikọ́ mú ìyàwó, ó tẹ̀ ẹ́ ba nínú àga, kò rí èémí mí fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí ó gbé orí sókè, omijé ti bò ó lójú.

"Bàbá Ìbíyẹmí, àyà mi."

Ọkọ kò wo ojú rẹ̀. Títì ni ó tẹjú mọ́. "Eruku ni," ni ó wí. "Eruku ilẹ̀ yìí ti pọ̀ jù."

Obìnrin náà wò ó. Ó wo títì tó ti di odò. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ ni ó jáde.

"Ẹ dúró," ni ó wí.

"Kí ló dé?"

"Mo ní kí ẹ dúró."

Ọkọ̀ dúró. Ìyàwó mú báàgì rẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó bọ́ sínú omi tó dé ọrùn ẹsẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Ilé kan wà níwájú láàárín àwọn igi ọsàn, èéfín ń jáde lórí òrùlé rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó kọjú sí. Kò bojú wẹ̀yìn.

Awakọ̀ ń wa ọkọ̀ tẹ̀lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́, díẹ̀díẹ̀. Ó ti sọ gíláàsì kalẹ̀, ó yọ orí síta.

"Ìyá Ìbíyẹmí, jọ̀wọ́, wọlé. Má dójú tì mí nílẹ̀ onílẹ̀. Wọlé, o ti rin gbindin!"

Obìnrin náà dúró. Omi ń ṣàn láti orí ìborùn rẹ̀ wọ inú ọrùn rẹ̀.

"Kí ló rin mí?"

Awakọ̀ fa orí rẹ̀ wọlé. 

"Mo bi yín. Ẹ̀yin lẹ sọ pé mo rin gbindin. Kí ló rin mí?"

Ọkùnrin tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kìlọ̀ fún èrò ọkọ̀ pé kí wọ́n rọra sọ̀ kalẹ̀, ilẹ̀ ń yọ̀, títì ni ó tún tẹjú mọ́. Ìyàwó tún húkọ́. Ó di ara ọkọ̀ mú kí ó má baà ṣubú. Ìgbà yẹn ni awakọ̀ tó wo ojú rẹ̀ dáadáa, ó rí i pé ètè rẹ̀ ti dà bí eérú.

"Òjò," ni ó wí. 

"Ẹ ní kí ni?"

"Òjò ni. Òjò ń rọ̀. Láti ọjọ́ tí a ti dé ni ó ti ń rọ̀. Èmi ni mo sì mú ọ wá sínú rẹ̀."

Ó pa ọkọ̀, ó bọ́ sílẹ̀ nínú sálúbàtà rẹ̀, ó gba báàgì, ó gbé apá ìyàwó rẹ̀ lé èjìká. Báyìí ni wọ́n ṣe rìn dé ilé náà.

Opó àgbàlagbà kan ni ó ṣílẹ̀kùn fún wọn. Kò gbọ́ èdè wọn, wọn kò gbọ́ tirẹ̀. Ó wo àwọn méjèèjì láti òkè délẹ̀, ó tọ́ka sí ojú ọ̀run, ó sọ ọ̀rọ̀ kan bí ẹni tí ń bá ọmọdé wí. "Òjò ni, Mọ́mì," ni awakọ̀ dá a lóhùn ní Yorùbá, "òjò ni." Opó náà mú wọn dé ìdí iná, ó da aṣọ gbígbẹ bo ìyàwó, ó sì pe dókítà. Dókítà fi ohun èlò gbọ́ àyà rẹ̀, ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé òtútù àyà ni, ó sì ti wọlé jìnnà. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù.

Ó ṣe díẹ̀ kí ọkàn tó balẹ̀. Awakọ̀ jókòó ti ibùsùn, kò kúrò. Nígbà tí ara ìyàwó fúyẹ́ díẹ̀, tí ó lè sọ̀rọ̀, ó bi ọkọ rẹ̀ bí ìta ṣe rí.

"Òjò ń rọ̀ gan-an," ni ọkọ wí. "Ó yẹ kí n ti gbọ́ tìrẹ nígbà tí o ní oṣù karùn-ún."

"Òjò kọ́ ni mo ń bá yín jà lé lórí."

"Mo mọ̀. Mo ti mọ̀ báyìí."

Ìyàwó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sùn. Ó pẹ́ tí ó ti sùn bẹ́ẹ̀.

Wọn kò yí erékùṣù náà ká tán. Òjò kò sì dá títí wọ́n fi wọ bàálù padà. Awakọ̀ dìde nínú ìjọ, ó ní kì í ṣe oòrùn ni ó pa àwọn, òjò ni, òun ló sì fa ìyàwó òun lọ síbẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì tán. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí òtútù bá ti dé, àyà obìnrin náà á máa dún bí fèrè. Ká ní ọkọ rẹ̀ ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn ní Palẹ́rímò, ojú ì bá tì í díẹ̀, ì bá sì parí síbẹ̀. Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́, àyà ẹlòmíràn ni ó sì jìyà rẹ̀.

Ìwọ tí a pa àkàwé yìí fún, má wulẹ̀ bá wa ṣàánú awakọ̀ yẹn. Ìwọ ni o mú ọkùnrin tó fẹ́ ọmọbìnrin rẹ wá. O ní ọmọ ilé ire ni, o ní o mọ bàbá rẹ̀. Ìyá ọmọ ní ká wádìí díẹ̀ sí i, o ní kí ni à ń wádìí. Nígbà àkọ́kọ́ tí ọmọ rẹ wá sílé pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú, o ní eyín ló ń dùn ún. Nígbà tó wá pẹ̀lú apá tí wọ́n dè, o ní ilẹ̀ ilé ìdáná ló yọ̀. O ti pè é ní ìjà ọmọdé, o ti pè é ní ata inú ìgbéyàwó, o ní yóò rọlẹ̀ bí wọ́n bá bímọ. Ó sú àwa ẹbí rẹ. Ọkọ rẹ̀ ló ń lù ú. Ìwọ lo sì yàn án. Sọ méjèèjì. Ojú á tì ọ́, kò sí ẹni tí ojú kì í tì, kò sì sí ẹni tó ní ìwọ lo gbé ọwọ́ sókè lù ú.

Ọmọ náà wà ní yàrá ìyá rẹ̀ báyìí. Kò tíì jẹun. Ó ń fetí sílẹ̀ láti gbọ́ ohun tí o máa sọ. Ọkọ rẹ̀ sì ti ránṣẹ́ ṣíwájú pé òun ń bọ̀ wá mú un lọ. Dìde, wọlé lọ bá ọmọ rẹ kí ọkùnrin náà tó dé.