Òkété Lábẹ́ Ọkọ̀ Ìyá Àgùntàn

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi kò rìn jìnnà. Abẹ́ ọkọ̀ ló wọ̀, ó bá Òkété níbẹ̀.

Ní ìgbà kan rí, Òkété ni mẹkáníìkì gbogbo ẹranko. Ó mọ iṣẹ́, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò mọ́.

Ìyá Àgùntàn ní ọkọ̀ kan. Orúnkún ń dun ìyá yìí, kò lè gun ọkọ̀ tó ga. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn ló gbé ọkọ̀ tirẹ̀ ró. Bí ìyá bá fẹ́ wọlé, ọkọ̀ á rẹlẹ̀. Bó bá jókòó tán, á gbéra sókè. Ẹ̀rọ kékeré kan lábẹ́ ọkọ̀ ló ń fẹ́ atẹ́gùn náà. Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ni wọ́n ń pè é.

Ẹlẹ́dẹ̀ náà ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ tirẹ̀ ti jóná, ọkọ̀ ti fìdí lélẹ̀. Ó ṣèlérí apẹ̀rẹ̀ ẹyìn mẹ́ta fún Òkété bó bá lè bá òun wá òmíràn. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ Òkété àti ẹyìn.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Àgùntàn ní kí Òkété bá òun pààrọ̀ ọ́ìlì. Òkété tẹ́tí sí ọkọ̀, ó mirí. Ó ní kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ìyá ti kú, kí ìyá máa wá òmíràn. Ó ní kí ìyá má wulẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, òun kàn fẹ́ yọjú wò ó lábẹ́ ni, òun kò ní tú nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ó fẹ́ yọ èyí tó dára, kó fi èyí tó jóná rọ́pò.

Gbogbo mẹkáníìkì ló mọ̀ pé a kì í tú rọ́bà tí atẹ́gùn ń gbà kọjá láì kọ́kọ́ fi igi ti ọkọ̀, kó má baà wó lu ni. Òkété náà mọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá gbé igi wá, ìyá á fura pé ó ń tú nǹkan. Ó bá wọ abẹ́ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó tú nọ́ọ̀tì kìíní, ó tú èkejì. Bó ṣe fa rọ́bà yọ, atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ọkọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò kánjú. Ó kan irun Òkété. Ó kan ẹ̀yìn rẹ̀. Jáàkì kò rí àyè wọlé mọ́. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ó sáré dá rọ́bà padà, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ṣì ń jò díẹ̀díẹ̀.

Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan ọkọ̀. Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ á gbé e sókè."

Ìyá Àgùntàn ní, "Èwo? Èyí tó kú?"

Àwọn oníbàárà yòókù tó gbé ọkọ̀ wá fún Òkété ti sún mọ́ tòsí, gbogbo wọn ń gbọ́. Bó bá sọ òtítọ́, iṣẹ́ rẹ̀ bàjẹ́. Bí kò bá sọ ọ́, ẹ̀mí rẹ̀ ń lọ. Ọkọ̀ tún sọ̀ kalẹ̀.

"Kò kú, Ìyá. Mo fẹ́ jí i fún Ẹlẹ́dẹ̀ ni."

Ìyá ní kó tún un sọ, pé etí ti ń wúwo fún òun. Ó tún un sọ, ó pariwo rẹ̀. Ìgbà náà ni ìyá tó tan ọkọ̀. Ọkọ̀ gbéra, Òkété wọ́ jáde.

Kò sẹ́ni tó nà án. Ìyá ní kó dá nọ́ọ̀tì padà, ó dá a padà, ìyá wakọ̀ lọ. Àwọn yòókù wa tiwọn tẹ̀lé e. Láti ọjọ́ náà, Òkété kò rí ọkọ̀ tún ṣe mọ́. Ihò ló ń gbẹ́ títí dòní.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó bá fi irọ́ pa ohun tó wà láàyè, ẹnu ara rẹ̀ náà ni yóò fi jí i dìde, lójú gbogbo ayé.