Ọkọ̀ Ìyá Gbénró Tó Ń Súfèé

Ẹni tó bá ń súfèé bọ̀ láti oko, a kì í bi í bóyá ara ń ro ó. A ti mọ̀ pé ara tù ú. Síbẹ̀, àlejò kì í pẹ́ ní Ìlórò-Òkè kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu wọn pé, "Ọkọ̀ tó ń súfèé, inú rẹ̀ kò dùn." Bí ìyàwó ilé bá ń ṣàwàdà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àgbàlagbà a rọra sọ ọ́ sí ọkọ rẹ̀ létí. Ta ló wá gbọ́ ìsúfèé ọkọ̀, tó sì mọ bí inú rẹ̀ ti rí?

Opó kan wà ní ìlú náà tí wọ́n ń pè ní Ìyá Gbénró. Ọkọ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ló fi ń kó ẹyin adìẹ lọ sí ìsàlẹ̀ òkè. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bó ṣe tẹ iná láti gun òkè, ó gbọ́ ohùn kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì: fììììì! Bó bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, ohùn náà a dákẹ́. Bó bá tún tẹ̀ ẹ́, a tún bẹ̀rẹ̀. Ó sì ṣàkíyèsí pé bíréèkì ti ń le lẹ́sẹ̀ òun.

Kò fi falẹ̀. Ó wa ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Lájídé, mẹkáníìkì tí gbogbo ìlú ń sá tọ̀. Lájídé mọṣẹ́, a kò gbọdọ̀ purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìyìn ti kó sí i lórí. A máa fọ́nnu pé etí lòun fi ń wo ọkọ̀, pé àwọn tí kò gbọ́ṣẹ́ ló ń sáré ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìdí ọpọ́n ayò ló wà lọ́jọ́ náà, èrò yí i ká.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Bí mo bá ti tẹ iná, a máa súfèé. Bíréèkì náà sì ń le."

Lájídé kò dìde. Ó ní kí ó tẹ iná kí òun gbọ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Lájídé dẹ etí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìyá Gbénró, inú ọkọ̀ yín ló ń dùn! Ọkọ̀ tí irú arẹwà yìí ń wà, kò ṣe ní súfèé?"

Èrò bú sẹ́rìn-ín.

"Bíréèkì ńkọ́, ọ̀gá?"

"Bóyá bàtà yín ló ti fẹ́lẹ́. Ẹ máa lọ, kò sí nǹkan kan."

Nígbà tó tún padà wá, kò tíì dúró tán tí àwọn ọ̀tayò fi ṣu ẹnu jọ, tí wọ́n ń súfèé sí i. Ojú tì í. Kò sọ̀kalẹ̀ rárá, ó yí ọkọ̀ padà. Lájídé rí i. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun pè é, ṣùgbọ́n ayò ti wọ̀ ọ́ lára. Láti ìgbà náà, Ìyá Gbénró a kàn fi agbára tẹ bíréèkì, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ó ní àbúrò kan, Tinúadé, aránṣọ tí ọwọ́ rẹ̀ dán púpọ̀. Tinúadé bẹ̀ ẹ́ kó gbé òun lọ fi aṣọ ìyàwó kan jíṣẹ́ nísàlẹ̀ òkè. Bí wọ́n ṣe ń gun ìgòkè tó kẹ́yìn, ọkọ̀ ń ké.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló ń dún báyìí?"

"Wọ́n ní kò sí nǹkan kan."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dagẹ̀rẹ́. Ní kọ́nà, ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró, pákó yọ lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Gbénró tẹ bíréèkì, ó le bí àpáta. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró lé e lórí. Ìhà ọ̀dọ̀ Tinúadé ni ọkọ̀ fi kọlu pákó. Ìyá Gbénró kò fara pa. Nílé ìwòsàn, wọ́n gé ọwọ́ ọ̀tún Tinúadé.

Wọ́n fa ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ Lájídé. Ọjọ́ yẹn ló tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó fọwọ́ tọ ipa rọ́bà tó ti ara ẹ́ńjìnnì lọ síbi bíréèkì, èyí tó ń jẹ́ kí bíréèkì rọ̀ lẹ́sẹ̀. Ó ti ya nídìí. Bí wọ́n bá tẹ iná, tí ẹ́ńjìnnì mì, ojú yíya náà a là, afẹ́fẹ́ a máa súfèé wọlé, bíréèkì a sì le. Ó gé ibi tó ya kúrò, ó tún un dè. Iṣẹ́ náà kò gba àkókò tí èèyàn fi ń jẹ ẹ̀kọ kan. 

Ó lọ sílé ìwòsàn. "Ìyá Gbénró, mo ti rí ohun tó ń ṣe é. Mo ti tún un ṣe. Kò súfèé mọ́."

Ìyá Gbénró kọjú sí ògiri. Tinúadé ló dá a lóhùn látorí bẹ́ẹ̀dì:

"Ọ̀gá, ìgbà tó ń súfèé ni ẹ̀gbọ́n mi wá bá yín."

Àwọn tó rẹ́rìn-ín nídìí ayò kò tilẹ̀ lọ kí Tinúadé. Àwọn gan-an ló sọ ọ̀rọ̀ náà di òwe, nítorí ó rọrùn láti pòwe ju kí a tọrọ àforíjì lọ. Wọ́n ní: ọkọ̀ tó ń súfèé, inú rẹ̀ kò dùn.