Ẹja Odò Àwẹ̀ró

Baálẹ̀ Ọ̀jẹ̀wùmí fẹ́ gba odò tí Àwẹ̀ró ti ń pẹja lọ́wọ́ rẹ̀, ló bá ní kó mú ẹja ńlá inú rẹ̀ wá kóòrùn tó wọ̀, kó má sì fọwọ́ ara rẹ̀ da omi rú; bí kò bá rí i mú, odò di ti Baálẹ̀. Odò ọ̀hún mọ́ gaara. Bí ẹja bá ti fojú kan èèyàn, ó ti sá wọnú koríko. Àwẹ̀ró lọ bá àwọn ìyàwó Baálẹ̀ tí wọ́n ń pọn omi tí wọ́n fẹ́ fi sẹ́ fùfú lókè odò: "Ẹ̀yin ìyá mi, kí lẹ ń ru omi lọ sílé fún? Ẹ gbé fùfú yín wá sẹ́ síbí." Wọ́n gbé e wá. Odò funfun bí ẹ̀kọ mímu, ẹja ò ríwájú mọ́, Àwẹ̀ró sì fi àwọ̀n gbé e. Baálẹ̀ dé, ó rí odò, ó ní, "Ta ló da omi rú?" Ó ní, "Fùfú tí ẹ máa jẹ lálẹ́ ni, Bàbá. Ẹja ọbẹ̀ rẹ̀ nìyí."