Ìdí tí Ọmọ Ọ̀pẹ fi ń Jẹ́ Orúkọ Òyìnbó

Nígbà láéláé, ọmọ igi a máa rìn kiri bí ọmọ ènìyàn. Á sáré, á ṣeré létí òkun, títí di ọjọ́ tí wọ́n bá sọ ọ́ lórúkọ. Lọ́jọ́ náà, ìyá rẹ̀ á gbẹ́ ihò kékeré sílẹ̀, á ki ẹsẹ̀ ọmọ bọ̀ ọ́, á sì pe orúkọ rẹ̀ sókè kí gbogbo igi gbọ́. Bí orúkọ bá ti wọ ilẹ̀, gbòǹgbò á mú. Ọmọ náà kò tún ní í kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ọ̀pẹ ti bímọ mẹ́ta rí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sọ lórúkọ, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì kú kí gbòǹgbò wọn tó jinlẹ̀. Nígbà tí ó bí ìkẹrin, ọmọ kékeré kan tí ewé orí rẹ̀ rí ṣóńṣó ṣóńṣó bíi ti ìyá rẹ̀, ẹ̀rù bà á. Ó yan orúkọ fún un, Rẹ̀mílẹ́kún, ṣùgbọ́n inú ọkàn rẹ̀ nìkan ló ti ń pè é. Ó rò pé bí ikú kò bá mọ ohun tí ọmọ ń jẹ́, kò ní í lè pè é lọ.

Àgbọn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bá a sọ ọ́ títí. Ó ní ọmọ ti ń dàgbà, kí ó jẹ́ kí ó fìdí múlẹ̀ bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí òjò yìí dá ná," ni Ọ̀pẹ máa ń wí. Bí òjò bá dá, á ní kí ọyẹ́ kọjá lọ.

Ọmọ ni kò lè fara dà á. Àwọn ọmọ Àgbọn a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ láti ibi tí wọ́n dúró sí.

"Ìwọ Yẹn," wọ́n á ní, "Ìwọ tí kò lórúkọ, wá bá wa lé alákàn kúrò lẹ́sẹ̀."

Ní ọjọ́ kan, ó bi ìyá rẹ̀ pé, "Màámi, kí lorúkọ mi?"

"Ọmọ mi ni orúkọ rẹ."

"Gbogbo ọmọ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, Màámi."

Ọ̀pẹ fi imọ̀ rẹ̀ fà á mọ́ra.

Kò pẹ́ sí i ni ọkọ̀ àwọn òyìnbó kan gúnlẹ̀ sí èbúté náà láti pọn omi. Ọmọ Ọ̀pẹ sáré lọ wò wọ́n. Ọkùnrin onírùngbọ̀n pupa kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bi í pé kí ni wọ́n ń pè é. Ọmọ náà ní òun kò lórúkọ. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ní ìlú àwọn, kò sí ohun tí kò lórúkọ. Bí ó bá tẹ̀ lé àwọn, òun náà á ní tirẹ̀. Ọmọ náà kò bèèrè bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Ó wọ inú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀.

Àgbọn ló kọ́kọ́ rí i, tó ké sí àbúrò rẹ̀ pé wọ́n ti ń gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Ọ̀pẹ fẹ́ sáré, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ kò jẹ́. Ó na ara rẹ̀ sókè, ó tún nà án, títí ó fi rí ọkọ̀ náà lójú òkun. Ó wá fi gbogbo agbára rẹ̀ pe orúkọ tí kò pè síta rí.

"Rẹ̀mílẹ́kún! Rẹ̀mílẹ́kún, padà wá!"

Ọmọ náà gbọ́ ọ láti inú apẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́ òkun ti fọ́ ohùn náà, kò mọ̀ pé ti ìyá òun ni. Ó rò pé ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè. Àánú ọmọ ẹlòmíràn yẹn, tí ìyá rẹ̀ ń wá tó báyìí, ṣe é. Kò bojú wẹ̀yìn.

Inú apẹ̀rẹ̀ ṣókùnkùn. Nígbà tí àárò ilé mú un, ó la ojú kan sí ìhà kan láti wá èbúté, kò rí i. Ó la òmíràn sí ìhà kejì. Bẹ́ẹ̀ ló ń la ojú káàkiri ara rẹ̀ títí kò fi sí ibi tí ojú kò sí. Nígbà tí wọ́n dé ìlú òyìnbó, wọ́n tọ́ ọ wò, adùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n sì mọ̀. Kò sí ẹni tó rántí ọ̀rọ̀ orúkọ.

Ó pẹ́ púpọ̀ kí ọkọ̀ tó gbé e padà. Wọ́n gbé e kalẹ̀ sí èbúté, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rì sínú ilẹ̀ rírọ̀. Àwọn igi tí kò mọ̀ ọ́n rí yọjú. Wọ́n wo ewé orí rẹ̀, wọ́n ní ọ̀pẹ ni. Wọ́n wo ọkọ̀ tó gbé e wá, wọ́n ní ti òyìnbó ni. Ni gbogbo wọn bá pè é ní Ọ̀pẹ Òyìnbó. Gbòǹgbò sì mú.

Ọ̀pẹ gbọ́ ariwo wọn. Ó ti ga débi pé ó pẹ́ kí ó tó rí ẹni tó wà nísàlẹ̀.

"Rẹ̀mílẹ́kún," ló pè é, jẹ́ẹ́jẹ́.

Gbogbo ojú ara ọmọ náà wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá," ló wí, "ta ni ẹ ń wá?"

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀pẹ òyìnbó ti ń gbé nílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí ojú kún gbogbo ara rẹ̀, tí adùn rẹ̀ sì máa ń kan díẹ̀ lẹ́nu. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀pẹ ti ga kọjá ibi tí ọwọ́ lè tó. Orúkọ òyìnbó ni ìyá náà ń pe ọmọ rẹ̀ títí di òní, nítorí orúkọ yẹn nìkan ni ọmọ ń dáhùn sí.