Òpó Mẹ́rin, Páànù Mẹ́fà

Ọkùnrin kan wà tí ó fi agbára orúnkún ọ̀tún rẹ̀ sílẹ̀ lójú ogun abẹ́lé. Ọta ìbọn ni ó fọ́ egungun náà. Àwọn dókítà tò ó pọ̀, ó sì jinná, ṣùgbọ́n kò ká mọ́. Ní ilé ìwòsàn tí wọ́n kó àwọn sójà tí ó fara gbọgbẹ́ sí, àgbà sójà kan tí ó mọ iṣẹ́ ṣúmékà jókòó tì í fún oṣù mẹ́jọ, ó kọ́ ọ bí a ti ń rán bàtà, bí a ti ń pààrọ̀ àtẹ́lẹ̀ rẹ̀, àti bí a ti ń wo ojú ibi tí gìgísẹ̀ ti jẹ kí a tó fi òòlù kàn án. Nígbà tí ọkùnrin yìí padà sí ìlú rẹ̀, ìbọn ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, abẹ́rẹ́ ni ó kù.

Ó fẹ́ ìyàwó kan tí ó ka ìwé mẹ́fà jáde. Obìnrin náà ni ó ń bá a kọ lẹ́tà, lẹ́tà ni ọ̀rọ̀ yìí sì dá lé.

Orí òkè ni ọjà ìlú wọn wà, ẹsẹ̀ tí kò ká kì í sì í gun òkè. Nítorí náà ọkùnrin yìí gbé àpótí iṣẹ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri gbọ̀ngàn ìlú, lábẹ́ igi mángòrò kan. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ó fi jókòó síbẹ̀. Bí ènìyàn bá gbé bàtà dé, yóò yí i dà, yóò wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, yóò ní, "Ìwọ yìí, ẹsẹ̀ òsì ni o ń fi gbogbo ara tẹ̀. Ṣé ìbàdí kì í dùn ọ́?" Òótọ́ ni yóò sì jẹ́. Tàgbà tèwe ń pè é ní Bàbá Sójà. Ní oṣù kìíní ọdún, nígbà tí a bá ń rántí àwọn akọni tí ó kú sógun, òun ni ó ń tún bàtà àwọn tí yóò yan níwájú àlejò ṣe. Òun fúnra rẹ̀ kì í bá wọn yan. Wọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò da ìlà rú.

Ní ọdún kan, ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso gbọ̀ngàn náà gé igi mángòrò lulẹ̀. Wọ́n ní ewé rẹ̀ ń sọ àgbàlá di ẹlẹ́gbin, kò sì jẹ́ kí àwọn tí ń kọjá lójú títì rí gbọ̀ngàn. Ẹnikẹ́ni kò bi ọkùnrin tí ó jókòó sábẹ́ rẹ̀ léèrè. Láti ọjọ́ náà, oòrùn ń pa á, òjò ń pa á. Agboòrùn kan ṣoṣo ni ó so mọ́ ọ̀pá kan tí ó rì mọ́lẹ̀, atẹ́gùn sì ń yí i dà nígbà tí ó bá wù ú.

Ìyàwó rẹ̀ kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ sí ìgbìmọ̀. Ohun tí wọ́n tọrọ kò ju àṣẹ lọ: kí a jẹ́ kí ó ri òpó mẹ́rin mọ́lẹ̀, kí ó sì kan páànù mẹ́fà lé wọn. Igi wà nílé. Páànù wà nílé. Káfíńtà àdúgbò ti ní òun yóò kàn án láìgba nǹkan kan. Oṣù mẹ́ta kọjá láìsí èsì. Obìnrin náà kọ lẹ́tà kejì, kò sì rán an, ó bá ọkọ rẹ̀ gbé e lọ.

Akọ̀wé ìgbìmọ̀ kí wọn dáadáa, ó fún wọn ní àga.

"Bàbá Sójà, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀rọ̀ yín wà nínú fáìlì."

"Akọ̀wé, ṣé inú fáìlì náà gbẹ?"

"Báwo ni, Bàbá?"

"Mo ní bí ibẹ̀ bá gbẹ, kí ẹ jẹ́ kí èmi náà wọ ibẹ̀."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyàwó kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ sọ fún wa bóyá wọ́n gbà tàbí wọn kò gbà," ni ó wí. "Oníbúlọ́ọ̀kù àdúgbò wa ní kí a wá lo ọ̀dẹ̀dẹ̀ òun. Bí ẹ kò bá gbà, a ó kó lọ."

"Ìyá, ẹ má kánjú. Wọn kò sọ pé àwọn kò gbà. Alága kàn ní ojú gbọ̀ngàn ni ojú ìlú ni. Ẹ ṣe sùúrù, a ó gbé e yẹ̀wò."

Nítorí pé ẹnikẹ́ni kò sọ pé rárá, ọkùnrin náà dúró. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí pé kí àwọn kó lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ oníbúlọ́ọ̀kù. "Wọ́n ní kí a dúró," ni ó ń dá a lóhùn. Iṣẹ́ ogun ti kọ́ ọ pé ẹni tí a ní kí ó dúró kò gbọdọ̀ kúrò níbi tí a fi í sí títí àṣẹ mìíràn yóò fi dé. Ó rò pé irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ náà ni ó wà nínú ìgbìmọ̀. Àṣìṣe tí ó ṣe kò ju ìyẹn lọ.

Ọdún mẹ́ta ni ó fi dúró. Lẹ́tà kẹta ti wọ inú fáìlì nígbà tí òjò alátẹ́gùn kan ká a mọ́ ibi iṣẹ́ nínú oṣù keje. Orúnkún kò jẹ́ kí ó sáré. Ó ní ọ̀rá fífẹ̀ kan lọ́wọ́, bàtà àwọn ẹlòmíràn ni ó sì fi bò. Ọjọ́ kẹsàn-án ni ó kú. Dókítà kọ òtútù àyà sínú ìwé. Ìwé náà kò ní àyè fún ohun tí ó fa òtútù.

Ìgbìmọ̀ tí kò rí àyè fún ọdún mẹ́ta jókòó láàárín ọjọ́ mẹ́fà. Wọ́n fẹnu kò pé kí a gbẹ́ ère akọni náà sí ojú gbọ̀ngàn. Akọ̀wé wá sí ilé opó, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ìyá, a fẹ́ kọ orúkọ Bàbá sí ara òkúta tí ère wọn yóò dúró lé. Kí ni wọ́n ń jẹ́ gan-an?"

"Jóṣúà Fágbohùn," ni obìnrin náà wí. "Ó wà ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà mẹ́ta tí ó wà lọ́wọ́ yín."

Nígbà tí ọdún yípo, wọ́n ṣí aṣọ lójú ère. Ó dúró ṣánṣán lórí ẹsẹ̀ méjì tí kò ní àbùkù, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká. Agbẹ́gilére ti sọ fún ìgbìmọ̀ pé òjò yóò ba ọ̀dà ara rẹ̀ jẹ́, wọ́n sì ti kọ́ òrùlé lé e lórí. Opó náà kà á. Òpó mẹ́rin ni. Páànù mẹ́jọ ni. Wọ́n fi méjì lé e.

Alága bọ́ síwájú. "Àwọn baba wa ní, ọjọ́ a bá kú là ń dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Bàbá Sójà ti dère lónìí." Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́.

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ kí wọ́n tó tú ká. Obìnrin náà bọ́ sábẹ́ òrùlé ère. Ọlọ́dẹ gbọ̀ngàn wá bá a, ojú ń tì í.

"Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró síbẹ̀."

"Ṣé bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn, tààrà?"

"Tààrà ni, Ìyá."

"Wọ́n kúkú mọ bí a ti ń sọ pé rárá," ni ó wí, ó sì jáde sínú òjò.

Ẹ̀yin tí àṣẹ wà lọ́wọ́ yín, ní ìlú, ní ìjọ, ní ibi iṣẹ́: ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe yẹn kò fi yìn yín. Ìbáwí ni ó fi ṣe, ẹ sì ti sọ ìbáwí di òfin tí ẹ ń tẹ̀lé. Ẹnìkan ń dúró de ẹnu yín lónìí. Bí ẹ bá lè gbà fún un, ẹ gbà. Bí ẹ kò bá lè gbà, ẹ sọ ọ́ fún un kedere, kí ó lè mọ ọ̀nà tí yóò tọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún ní kí ó ṣe sùúrù, ẹ ti dá ẹjọ́ rẹ̀ náà nìyẹn. Ẹ kàn ń sá fún kíkà á sí i létí ni.