Ìwé Jìnádù

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Bísíríyù awakọ̀ tírélà ò tiẹ̀ pé ọdún méjì.

Nígbà tí Jìnádù ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú, ó gba ìwé ìrìnnà olóògbé lọ́wọ́ opó. Ó ní, "Ìyàwó wa, màá bá yín dá a padà fún ìjọba." Kò dá a padà. Ọjọ́ ti kọjá lórí ìwé tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ojú wọn sì jọra, ló bá ń fi ìwé òkú kọjá lẹ́nubodè.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, aṣọ́bodè wo ìwé náà títí.

"Ṣé ẹ̀yin ni Jìnádù?"

"Èmi ni, ọ̀gá."

"Jìnádù ti fẹsẹ̀ rìn kọjá láàárọ̀. Ó ní ìwé òun wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ òun tó ń wakọ̀ bọ̀ lẹ́yìn."

Ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀ hàn án. Ọwọ́ ìkọ̀wé Jìnádù ni lóòótọ́, tàdáwà rẹ̀ ò sì tíì gbẹ.

Aṣọ́bodè gbé igi ojú ọ̀nà sókè. "Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ máa lọ bá ara yín lọ́hùn-ún."

Lódìkejì, ẹnìkan dúró nínú aṣọ funfun tí wọ́n fi sin Jìnádù, ó nawọ́ gba ìwé.

Bísíríyù figbe ta: "Èmi kọ́ ni Jìnádù o!"