Ibi Tí Gbogbo Ilé Ti Ń Dáná

"Ẹni tí yóò pín ilé, kó kọ́kọ́ wo ibi tí gbogbo ilé ti ń dáná." Ẹ ń pa á lówe, àbí? Ó dáa, ta ló mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá? Ẹ má wòkè. Ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀ kan ní Ìlá ni, ọwọ́ Láníyọnu ló sì ti wá.

Láníyọnu ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn, òṣìṣẹ́ fìdíhẹ sì ni. Nẹ́tíwọọ̀kì wọn ń wọ́ bí ìgbín. Ọ̀gá àgbà wá ṣèlérí: bí Láníyọnu bá lè mú un yá, òun yóò fọwọ́ sí ìwé tí yóò sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ gidi, kí òun tó gbéra lọ sí Mẹ́kà lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Ojú ìwé yìí ń pọ́n Láníyọnu gidigidi.

Ó so súwíìṣì tuntun, àpótí tí wáyà kọ̀ǹpútà gbogbo ń wọ̀. Ó wá pín nẹ́tíwọọ̀kì sí agbo mẹ́ta, fíláànì ni wọ́n ń pè é: ti àwọn ayàwòrán ilẹ̀, ti àwọn akọ̀wé, ti ọ̀gá. Agbo kan kò lè wọ agbo kejì mọ́, kí wọ́n má bàa máa dí ara wọn lọ́nà. Háà, nẹ́tíwọọ̀kì yá! Láníyọnu ń yan bí ọkọ ìyàwó.

Nígbà tó di ọ̀sán Ẹtì, àwọn akọ̀wé figbe ta pé ìwé àwọn ò jáde lára ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

"Ẹ̀yin náà! Nǹkan tuntun kì í bá yín lára mu," Láníyọnu ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn."

Ẹ̀rín ọ̀hún kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí ọ̀gá fi yọ. "Láníyọnu, mo ti tẹ ìwé rẹ, kò jáde. Dẹ́rẹ́bà ti ń fun fèrè nísàlẹ̀. Ó di ìgbà tí mo bá dé." Ló bá sọ̀ kalẹ̀ lọ sídìí mọ́tò.

Ìgbà yẹn ló tó yé Láníyọnu. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń lò, yàrá àwọn ayàwòrán ló sì wà. Ó ti há a mọ́ agbo tiwọn, ó sì sé ìwé ara rẹ̀ mọ́ta!

Màmá Fádèyí, àgbà akọ̀wé, wò ó tìyanu-tìyanu. "Ọmọ mi, o pín ilé, ó dára. Ibo lo wá ní kí gbogbo ilé ti máa dáná?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi dá ọ̀gá dúró."

Màmá sọ̀ kalẹ̀, ó dúró síwájú mọ́tò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúre ìrìn àjò. Ta ni yóò wakọ̀ kúrò nídìí àdúrà? "Àmín, àmín," lọ̀gá ń ṣe, ó ń yọjú wo aago. Kí ìwúre náà tó dé orí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, Láníyọnu ti ṣínà fún agbo gbogbo dé ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà. Ó sáré kó ìwé rẹ̀ wá, orí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò lọ̀gá ti fọwọ́ sí i.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ń tún nǹkan pín, tó gbàgbé èyí tí gbogbo èèyàn jọ ń lò, òwe yìí ni àwọn àgbà ń pa fún un. Láníyọnu gan-an ló ń pa á jù báyìí, bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n kọ́kọ́ pa á fún.